Wèrè Kì í Ṣe Orúkọ Ènìyàn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní wèrè dùn ún wò, kò ṣé é bí lọ́mọ. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Tọmọdé tàgbà ni ó ń pa á, ọ̀pọ̀ ìgbà ni a sì máa ń fi ẹ̀rín parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí òwe náà. Ìdajì rẹ̀ àkọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀ nípa òǹwòran, ìdajì kejì sì ń sọ̀rọ̀ nípa òbí. Kò sọ ohunkóhun nípa ẹni tí àìsàn náà ń ṣe gan-an, kò sì mẹ́nu ba ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní Ladi-Lak ni mo rí i pé àlàfo tí ó wà nínú òwe yìí wà nínú ìwà wa pẹ̀lú, àti pé èmi tí mò ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní èdè Yorùbá kò yọ sílẹ̀ nínú ẹ̀bi náà.

Ẹni tí ó bá mọ Ladi-Lak, láàárín Ṣómólú àti Bàrígà, yóò mọ̀ pé ariwo kì í tán níbẹ̀. Bí ẹ̀rọ àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ti ń dún, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ dáńfó ń ké, bí iná bá sì ti lọ, jẹnẹrétọ̀ gbogbo ilé yóò gba orin náà lẹ́nu wọn. Àdúgbò tí ó mọ eré wò ni pẹ̀lú. Ní Bàrígà yìí náà ni Ṣẹ́gun Adéfilà fi ṣe ibùjókòó ẹgbẹ́ eré rẹ̀, Crown Troupe of Africa, tí ó dá sílẹ̀ ní 1996. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò kan sọ pé àwọn fẹ́ fi eré orí sinimá kan han àwọn ènìyàn ní gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ kan, èrò pọ̀ jọjọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá, àwọn olùkọ́ wá, àwọn ìyá ọlọ́jà wá, àwọn bàbá atẹ̀wé mélòó kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì náà sì wá. Nítorí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe eré náà, èmi ni wọ́n ní kí n máa túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún àwọn àgbà.

The Soloist ni wọ́n ń pe eré náà. Joe Wright ni ó darí rẹ̀, ó sì jáde ní 2009. Ìtàn tí ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ ni. Ní 2005, akọ̀ròyìn kan tí ń jẹ́ Steve Lopez, tí ó ń kọ̀wé fún Los Angeles Times ní Amẹ́ríkà, ń kọjá lọ ní gbàgede kan nínú ìlú náà nígbà tí ó gbọ́ ohùn fáólìn. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ni ó ń ta á. Okùn méjì péré ni ó kù lára fáólìn náà, gbogbo ohun tí ọkùnrin náà sì ní láyé wà nínú kẹ̀kẹ́ ẹrù kan tí ó ń tì kiri. Nathaniel Ayers ni orúkọ rẹ̀. Ó ti wọ Juilliard, ilé-ẹ̀kọ́ orin tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé ní New York, kí àìsàn ọpọlọ tó dá a dúró níbẹ̀ tí kò fi lè parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Lopez kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn, àwọn òǹkàwé fi ohun èlò orin ta ọkùnrin náà lọ́rẹ, díẹ̀díẹ̀ ni àwọn méjèèjì sì di ọ̀rẹ́. Jamie Foxx ni ó ṣe Ayers nínú eré náà, Robert Downey Jr. ni ó ṣe Lopez.

Ibi tí ẹsẹ̀ mi ti yọ̀ ni mo fẹ́ sọ. Àìsàn tí ń ṣe Ayers ni àwọn dókítà ń pè ní schizophrenia. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde nínú eré, gbogbo ojú yí sí mi, kò sì sí àyè fún ìrònú. Mo dá wọn lóhùn pé, "Wọ́n ní wèrè ni." Àfi gbàà tí gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín! Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Ẹ̀rín ẹni tí ó rí ohun tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Láti ìgbà náà lọ, kò sí ohun tí Ayers ṣe tí wọn kò fi rẹ́rìn-ín. Bí ó bá sọ̀rọ̀ yára, ẹ̀rín ni. Bí ó bá to ẹrù rẹ̀, ẹ̀rín ni. Nígbà tí ó jókòó tí ó di ojú tí ó ń gbọ́ orin, tí ó yẹ kí ilé pa rọ́rọ́, ọmọdékùnrin kan ké láti ẹ̀yìn pé, "Yábà Lẹ́fìtì!" Ilé tún wó.

Kò sí ará Èkó tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa túmọ̀ ìyẹn fún. Ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tí ó wà ní Yábà, tí kò jìnnà sí Bàrígà rárá, ni a sọ di èébú. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1907 ni ìjọba amúnisìn ṣí i, ilé wèrè ni wọ́n sì pè é nígbà náà. Orúkọ ti yí padà lára pátákó rẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì yí padà lẹ́nu wa.

Kí ló dé tí òǹwòran fi ń rẹ́rìn-ín? Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn, mo sì rí i pé eré tiwa ni ó kọ́ wa. Ẹ wo orí ìtàgé àti fíìmù wa dáadáa. Iṣẹ́ méjì ni a sábà máa ń fún wèrè ṣe níbẹ̀. Èkíní ni kí ó fi àkísà àti ìjó pa wá lẹ́rìn-ín nígbà tí ìtàn bá ti le jù. Èkejì ni kí ó jẹ́ ẹ̀san: ìyàwó ìkà tàbí ọ̀rẹ́ òdàlẹ̀ yóò já sí títì ní ìparí eré, a ó sì pàtẹ́wọ́ pé Ọlọ́run mú un. Ní 2004, dókítà Olatunji Aina tẹ ìwádìí kan jáde lórí fíìmù 163 tí wọ́n ṣe ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Nínú 25 lára wọn ni àìsàn ọpọlọ ti hàn. Alárìnkiri ìta gbangba ni aláìsàn sábà máa ń jẹ́ nínú wọn, iṣẹ́ àjẹ́ àti oṣó ni wọ́n sì máa ń kà jù lọ sí okùnfà.

Ìdí nìyí tí ìyá tí ó jókòó tì mí fi ń bi mí léraléra pé, "Ta ló ṣe é?" Mo ní kò sí ẹni tí ó ṣe é, àìsàn ni. Kò gbà. Nígbà tí ó ṣe, ó fi ọwọ́ kàn mí, ó ní, "Akọ̀ròyìn yẹn ni. Ẹ máa wò ó, òun náà ni yóò jẹ́wọ́ nígbẹ̀yìn." Ẹ̀yin ará, mo rẹ́rìn-ín nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bà mí nínú jẹ́ nígbà tí mo délé. Ọkùnrin kan rí aláìsàn lójú títì, ó dúró tì í, ó ń wá ibùsùn fún un, àwa sì jókòó tí à ń dúró de ìgbà tí ìdí ìkà rẹ̀ yóò hàn. Eré ti kọ́ wa pé ẹni tí ó bá sún mọ́ wèrè, òun ni ó sọ ọ́ di wèrè. Ta ni yóò wá fẹ́ sún mọ́ ọn?

Ní tèmi, mo ní ẹ̀bi ju ti àwọn òǹwòran lọ, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò wọ́n Yorùbá. Àwọn baba wa kò da gbogbo àìsàn ọpọlọ sínú àpò kan. Wọ́n mọ àsínwín, tí í dé lójijì tí ara kì í gbà á sójú kan. Wọ́n mọ dìndìnrìn, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń falẹ̀, tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n mọ abísínwín, èyí tí í dé bá obìnrin lẹ́yìn ìbímọ. Wọ́n mọ wèrè aláṣọ, ẹni tí ó wẹ̀ tí ó sì múra, tí ó ń bá wa lọ ọjà bọ̀ ọjà, tí ó jẹ́ pé àwọn ará ilé rẹ̀ nìkan ni ó mọ ohun tí ojú wọn ń rí. Wọ́n mọ ọdẹ orí, èyí tí aláìsàn yóò máa sọ pé nǹkan ń rìn nínú orí òun, tí kò ní lè sùn, tí àyà rẹ̀ yóò máa já. Ní 1964, dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, tẹ àpilẹ̀kọ jáde lórí bí àwọn oníṣègùn Yorùbá ṣe ń tọ́jú irú àìsàn wọ̀nyí, ó sì ṣe àkọsílẹ̀ irú ìyàtọ̀ tí wọ́n ń fi orúkọ ṣe láàárín wọn. Àwọn oníṣègùn náà mọ asofẹ́yẹjẹ, igi tí wọ́n ń lo gbòǹgbò rẹ̀ láti mú ara aláìsàn rọlẹ̀. Nínú irú igi kan náà ní ilẹ̀ Íńdíà ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti yọ oògùn reserpine jáde ní 1952.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, àwọn baba wa mọ̀ pé orúkọ àìsàn kì í ṣe ohun tí à ń sọ gàn-ìn gàn-ìn. Nígbà tí Ṣànpọ̀nná ń jà, ta ni í la orúkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀? Olóde ni wọ́n ń pè é, tàbí kí wọ́n ní ilẹ̀ gbóná. Wọn kì í dojú ti abuké àti àfín, ẹni òrìṣà ni wọ́n pè wọ́n. Bí èdè tí ó ní irú ọ̀wọ̀ yìí bá wá kó gbogbo aláìsàn ọpọlọ pọ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, tí ó sì tún jẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn náà ni awakọ̀ fi ń bú awakọ̀, tí olùkọ́ fi ń bú ọmọ tí kò mọ ìṣirò, àwa tí à ń sọ èdè náà lónìí ni ó tì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Mo ní ọ̀rẹ́ kan, a jọ dàgbà ní Bàrígà ni. Nígbà ààwẹ̀ Ràmàdáánì, ẹgbẹ́ ọmọdé onísààrì wa máa ń jí àwọn ará àdúgbò ní ìdájí. Wéré ni wọ́n ń pe irú orin bẹ́ẹ̀, láti inú rẹ̀ ni Síkírù Àyìndé Barrister àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti yọ fújì. Ọ̀rẹ́ mi ni ó ń lu sákárà, òun náà ni ó ń lé orin. Bí ó bá ti lé e, àwọn tí kì í gbààwẹ̀ pàápàá yóò ṣí fèrèsé. Ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ó di ọdún kejì rẹ̀ níbẹ̀, ni orí rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Àwọn kan ní orin ni ó yí i lórí, àwọn kan ní ìwé ni. Kò pẹ́ tí a fi gbàgbé orúkọ rẹ̀. Wèrè Onísákárà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé bí a bá yọ àmì ohùn kúrò, kò sí ìyàtọ̀ láàárín wéré àti wèrè. N kò sọ fún wọn rí pé mo mọ ẹni tí ayé yọ àmì ohùn tirẹ̀ kúrò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo dúró pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi méjì ní ibùdókọ̀ Ladi-Lak. Ó ń bọ̀ lókèèrè. Ó rí mi, ó sì pè mí, kì í ṣe orúkọ tí ó wà nínú ìwé o, oríkì tí ìyá mi àgbà fi ń pè mí ni. Mo kọ ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì, mo wọ dáńfó. Kò sọ mí lókò, kò bú mi, kò tọrọ owó lọ́wọ́ mi. Ó kàn pe orúkọ mi ni. Òun tí a ní orí rẹ̀ kò pé rántí orúkọ mi, èmi tí orí mi pé kò lè pe tirẹ̀.

Gbogbo èyí ni ó padà wá sọ́kàn mi ní alẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí eré dé ibi tí ó gbóná jù lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ eré, Ọ̀gbẹ́ni Lopez ni Ayers ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n Nathaniel lásán ni Lopez ń pe òun. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní "o" àti "ẹ" gẹ́gẹ́ bí tiwa, nítorí náà èmi ògbufọ̀ ni mo yàn fún wọn. Bí Ayers bá sọ̀rọ̀ sí Lopez, mo fi "ẹ" sí i. Bí Lopez bá sọ̀rọ̀ sí Ayers, mo fi "o" sí i. N kò tilẹ̀ ronú sí i rárá. Ó ṣe tán, ta ni í fi "ẹ" bá wèrè sọ̀rọ̀? Lẹ́yìn èyí ni Lopez gbé ìwé kan wá fún Ayers láti fọwọ́ sí, Ayers sì rí i pé wọ́n kọ orúkọ àìsàn náà sínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí òun jẹ́. Inú bí i bí ẹkùn. Ó ní òun kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ yìí. Ó bèèrè ohun tí ó mú kí òun máa pe ẹnì kejì ní Ọ̀gbẹ́ni, tí òun alára kò fi ní Ọ̀gbẹ́ni níwájú orúkọ tòun.

Kí n tó túmọ̀ rẹ̀ tán, bàbá atẹ̀wé kan dìde ní àárín èrò. Ó ní, "Olùkọ́, ẹ dúró ná. Èwo ló dàgbà nínú àwọn méjèèjì?" Mo ní ní 1951 ni wọ́n bí Ayers, ní 1953 ni wọ́n bí Lopez. Bàbá ní, "Ẹ ò ri! Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Àtìgbà tí a ti jókòó síbí ni ẹ ti ń fi àbúrò rí ẹ̀gbọ́n fín. Ẹ fi 'ẹ' sí i!"

Mo tọrọ àforíjì, mo sì fi "ẹ" sí i. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ oníhóró kan yìí yí gbọ̀ngàn náà padà. Nígbà tí Lopez padà wá bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ó pè é ní Ọ̀gbẹ́ni Ayers, tí mo sì túmọ̀ rẹ̀ pé, "Ọ̀gbẹ́ni Ayers, iyì ni ó jẹ́ fún mi láti jẹ́ ọ̀rẹ́ yín," kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Aṣọ Ayers kò yí padà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì tò ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwa ni a kúrò níbi wíwo wèrè, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í wo àgbàlagbà kan tí ara rẹ̀ kò yá.

Nígbà tí iná tàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní eré náà kò parí. Wọ́n ní, "Ìgbà wo ni yóò wá yá?" Òótọ́ ni pé kò yá tán. Ó ní ilé tí ó ń sùn sí, ó ní orin rẹ̀, ó ní ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n àìsàn náà ṣì wà. Àwa tí a ti mọ́ra pẹ̀lú fíìmù tí bàbá oníṣègùn tàbí wòlíì yóò ti fi ìṣẹ́jú márùn-ún tú gbogbo rẹ̀ ká rò pé wọ́n rẹ́ wa jẹ. Níbi tí a ti ń jiyàn ni ìyá kan tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ ti ní kí á fún òun láyè. Ó ní, "Olùkọ́, orúkọ tí ẹ kọ́kọ́ pe ọkùnrin yẹn, òun ni wọ́n ń pe ọmọ mi lójú mi. Mo máa ń dáhùn. Mo ti ń dá wọn lóhùn fún ọdún mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo sọ ọ́ lórúkọ, Ayọ̀délé ni mo sọ ọ́." Ó jókòó. N kò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ ẹnu ni gbogbo èyí. Wọ́n lè ní bí a bá pe wèrè ní Ọ̀gbẹ́ni láti òwúrọ̀ di alẹ́, wèrè náà ni yóò máa jẹ́, àti pé oògùn ni ó ń wo àìsàn. Mo gbà pé oògùn ni ó ń wo àìsàn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mú aláìsàn dé ibi tí oògùn wà? Ní 2005, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde tí wọ́n ṣe láàárín ènìyàn 2,040 ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta tí a ti ń sọ Yorùbá. Ìdá 96.5 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ó gbà pé eléwu ènìyàn ni ẹni tí ó ní àìsàn ọpọlọ. Ìdá 82.7 ni ó sọ pé ẹ̀rù yóò ba àwọn láti bá a sọ̀rọ̀ lásán. Bí àdúgbò bá rí báyìí, ìdílé tí irú rẹ̀ bá dé bá yóò pa ilẹ̀kùn dé ni. Wọ́n mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ bá ta síta, àwọn tí ń wádìí ìdílé kí wọ́n tó fẹ́ ọmọ yóò sá fún gbogbo àwọn àbúrò rẹ̀. Ohun tí à ń fi pamọ́ kì í sì í rí ìtọ́jú. Nígbà tí Human Rights Watch ṣe ìbẹ̀wò sí ibi ìtọ́jú 28 ní Nàìjíríà láàárín 2018 sí 2019, wọ́n bá àwọn aláìsàn tí wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè mọ́lẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni a ti ní ọ̀nà tí ó sàn ju èyí lọ nílé. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú kan ní Àró tí gbogbo ayé wá kọ́ lára rẹ̀. Ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó yí ibẹ̀ ká. Òfin rẹ̀ ni pé aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ìyá rẹ̀ ni o, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni o, ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Oògùn òyìnbó wà níbẹ̀, ọgbọ́n àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí nínú ètò náà ni pé ẹni tí ó mọ oríkì aláìsàn kì í jìnnà sí i. Bí ó bá jí lóru tí kò mọ ibi tí ó wà, ẹnì kan wà nítòsí tí yóò pe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ohun tí Lopez ń gbìyànjú láti ṣe ní Los Angeles ní 2005, àwọn ìyá wa ti ń ṣe é ní Àró ní àádọ́ta ọdún ṣáájú rẹ̀.

Òfin pàápàá ti yí orúkọ padà. Òfin tí a ń lò láti 1958, òfin nípa wèrè ni wọ́n pè é ní gbangba. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun, òfin nípa ìlera ọpọlọ, tí ó fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ gẹ́gẹ́ bí ènìyàn. Òfin ti ṣe tirẹ̀. Ó ku ti ẹnu wa.

Mo bẹ àwọn tí ń kọ eré pé kí wọ́n jẹ́ kí á mọ orúkọ aláìsàn kí wọ́n tó fi àkísà rẹ̀ hàn wá. Kí wọ́n sì jẹ́ kí ọ̀rẹ́ kan dúró tì í tí kì í ṣe òun ni ó ṣe é. Mo bẹ àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi pé kí á kọ́ àwọn ọmọ wa ní àwọn orúkọ tí àwọn baba wa fi ya àìsàn kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn, kí a sì yé fi wọ́n bú wọn. Mo bẹ ẹ̀yin àgbà pé bí ẹ bá ń wádìí ìdílé kí ẹ tó fi ọmọ fọ́kọ, ẹ bèèrè pẹ̀lú bí ìdílé náà ṣe ń tọ́jú ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Ilé tí kò lé aláìsàn rẹ̀ síta kò ní lé ọmọ yín síta.

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn eré náà, mo lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi obìnrin, níbi tí ó ń gbé báyìí. Ó ń lo oògùn rẹ̀. Ọjọ́ kan dára, ọjọ́ kan kò dára. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo pe orúkọ rẹ̀, èyí tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ó wò mí títí, ó sì dá mi lóhùn pẹ̀lú oríkì mi. Ó bi mí bóyá mo ṣì ń kọrin. Mo ní mo ti fi sílẹ̀ tipẹ́. Ó ní òun kò fi sílẹ̀ ní tòun.